Lẹ́tà sí Àjíkẹ́ lórí ooru tí témọ́míta kì í fi hàn

Mọ́kọ́lá,
Ìbàdàn.

Àjíkẹ́ mi,

Mo rí fọ́tò ìwé ìdánwò fisíìsì tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù màmá rẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á kí n tó jókòó kọ lẹ́tà yìí. O ní kí n má bínú. Inú kò bí mi. Ohun tó dùn mí ni gbólóhùn tí o kọ sábẹ́ rẹ̀, pé ìṣirò ooru kò lè yé ọ láéláé. Ìwọ tó ń bá mi ka owó ṣọ́ọ̀bù láti ìgbà tí o wà ní pámárì! Ìbéèrè kẹta ní kí o wá ooru tí yóò sọ yìnyín 2 kílò, tó wà ní dígírì 5 nísàlẹ̀ òdo, di omi dígírì 20. Ìṣirò tí o ṣe kò ní àbùkù: 2 lọ́nà 4,200 lọ́nà 25, ó jẹ́ 210,000 lóòótọ́. Ohun tí ooru náà ń ṣe ni o kò béèrè kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é.

Nǹkan kan wà tí n kò tíì sọ fún ọ rí. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ fíríìjì, tí mo ti lo ọdún kejì, ìyá kan tó ń ta yìnyín ní Òjé gbé fírísà rẹ̀ wá. Ó ní omi inú rẹ̀ máa ń tutù nini láàárín wákàtí mẹ́ta, àmọ́ bó tún fi wákàtí mẹ́ta mìíràn sí i, omi náà ni yóò bá níbẹ̀, kò ní dì. Ọ̀gá mi kò sí nítòsí. Mo ní gáàsì rẹ̀ ti lọ, mo rọ òmíràn sí i, mo sì gbowó. Ní ọjọ́ kẹta, màmá náà padà dé. Kò sí ohun tó yàtọ̀, owó ọjà rẹ̀ ló sì kó fún mi.

Ọ̀gá mi kò pariwo. Ó tan jẹnẹrétọ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ó kó lailọ́ọ̀nù omi kún fírísà náà, ó ti témọ́míta bọ ọ̀kan nínú wọn, ó ní kí n jókòó tì í, kí n máa kọ ohun tí mo bá rí. Ní aago mọ́kànlá, òdo ni mo kọ. Aago méjìlá, òdo. Aago kan, òdo. Aago méjì, òdo náà ni. Àmọ́ nígbà tí mo fọwọ́ kan lailọ́ọ̀nù náà, yìnyín ti mú un yí ká, omi ṣì ń mì láàárín. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo rẹ̀ tó le gbagidi. Kò sí ohun tó ṣe fírísà ìyá yẹn. Iná ló máa ń lọ kó tó parí iṣẹ́ rẹ̀. Inú owó oúnjẹ mi ni mo ti ń yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí mo fi san án tán. Bẹ́ẹ̀ mo ti há fọ́múlà ooru méjèèjì, Q = mcθ fún gbígbóná tàbí títutù àti Q = mL fún yíyọ́ tàbí dídì, sórí kí n tó kúrò ní sẹ́kọ́ńdírì.

Wo bó ṣe rí nínú ìṣirò. Ká ní omi náà jẹ́ 20 kílò, tó wọlé ní dígírì 28. Kó tó tutù dé òdo, fírísà gbọ́dọ̀ gba 20 lọ́nà 4,200 lọ́nà 28 lára rẹ̀, ìyẹn jáùlù 2,352,000 (jáùlù ni a fi ń wọn ooru). Kó tó wá di yìnyín, tí kò sì kúrò lórí òdo, 20 lọ́nà 336,000 ni: jáùlù 6,720,000. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta! Bí fírísà bá ń gba jáùlù 250 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀ ni yóò fi tutù, wákàtí méje ààbọ̀ ni yóò sì fi dì.

4,200 yẹn ni specific heat capacity omi: ìwọ̀n jáùlù tí kílò kan ń fẹ́ kó tó fi dígírì kan gbóná sí i. 336,000 ni latent heat yìnyín: ìwọ̀n jáùlù tí kílò kan ń gbà kó tó yọ́, tàbí tó ń fi sílẹ̀ kó tó dì, láìkúrò lórí òdo. Joseph Black ló fún un lórúkọ yẹn, ní nǹkan bí ọdún 1761, nígbà tó ń kọ́ni ní Glasgow ní Sìkọ́tílándì. Latent túmọ̀ sí ohun tó fara pamọ́. Ó pamọ́ fún témọ́míta, torí pé títú ìdè tó so àwọn mólékù yìnyín pọ̀ ni ooru náà ń bá kiri, kì í ṣe mímú kí wọ́n gbóná. Ohun kan náà ni fírísà fi ń ṣiṣẹ́. Gáàsì tí à ń rọ sínú rẹ̀ máa ń ṣàn bí omi wọnú páìpù, á máa hó níbẹ̀, á sì máa gba ooru lára ohun tó wà nínú fírísà. Àmù ìyá mi àgbà ní Bẹẹrẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: omi tó ń gbẹ kúrò lára amọ̀ ló ń mú kí ti inú rẹ̀ tutù.

Ó yá, ìbéèrè kẹta rẹ. Yìnyín 2 kílò, dígírì 5 nísàlẹ̀ òdo, kó di omi dígírì 20. Fa ìlà kan kí o tó kọ fọ́múlà kankan, kí o sàmì sí òdo lórí rẹ̀. Láti 5 nísàlẹ̀ dé òdo, yìnyín ṣì ni, 2,100 ni tirẹ̀, kì í ṣe 4,200: jáùlù 21,000. Lórí òdo gan-an, yíyọ́: 672,000. Láti òdo dé 20, ó ti di omi: 168,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 861,000. Wo bí 210,000 tí o kọ ṣe jìnnà sí i tó. Yíyọ́ tí o fò ló kó èyí tó pọ̀ jù lọ.

Tí wọ́n bá fún ọ ní gíráàmù, sọ ọ́ di kílò. Má fi 273, tí a fi ń sọ dígírì Celsius di Kelvin, kún ìyàtọ̀ ìwọ̀n ìgbóná. Bí wọ́n bá dárúkọ ife kọ́pà, òun náà gba ooru, kí o ṣírò tirẹ̀ mọ́ ọn.

Tún ìbéèrè kẹrin ṣe ní ìlànà yìí, kí o fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Témọ́míta ọ̀gá mi wà lọ́wọ́ mi títí di òní. Tí o bá dé fún ìsinmi, a ó ti í bọ lailọ́ọ̀nù omi kan, ìwọ ni yóò sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Màmá rẹ kí ọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.