Ẹ gba owó olùkọ́ tí kò sí níbẹ̀: ẹ̀sùn ìyá ọmọ adití

Ìpájà, Ìpínlẹ̀ Èkó.
5 oṣù kẹwàá, 2020.

Sí Olùdarí Àgbà,
Iléeṣẹ́ tó ni ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ mi ń lọ.

Ọ̀gá mi,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ OWÓ ÀKÀNṢE TÁÀMÙ KẸTA

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìwọlé àwọn ọmọ. Èmi ni ìyá ọmọbìnrin adití tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Primary 4 lọ́dọ̀ yín. Mo ti bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí, mo bá akápò sọ ọ́, èsì kan náà ni wọ́n ń fún mi: “Màmá, gbogbo wa ni Kòrónà kàn.” Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yin tí ẹ ni iléeṣẹ́ lè fi ojú ara yín kà á.

Nígbà tí mo mú ọmọ yìí wá ní 2018, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé olùkọ́ kan tó gbọ́ èdè ọwọ́ yóò máa wà pẹ̀lú òun àti àwọn adití mẹ́ta yòókù. Nítorí olùkọ́ yẹn ni mo ṣe ń san ₦25,000 lé orí owó ilé-ẹ̀kọ́ ní táàmù kọ̀ọ̀kan. N kò ráhùn rí, torí obìnrin náà mọṣẹ́. Ọmọ tí kò lè pe “màmá” ló ń dé láti ilé-ẹ̀kọ́ tó ń fi ọwọ́ pa àlọ́ ìjàpá fún wa, tí yóò ká ẹ̀yìn rẹ̀ kò bí ahun, tí bàbá rẹ̀ yóò rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìjọba Èkó ní kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tilẹ̀kùn láti 23 oṣù kẹta. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, kónílé-ó-gbélé dé. Ẹnikẹ́ni ò bá yín jà lórí ìyẹn, àìsàn ń pa èèyàn. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ẹ fi ìwé ránṣẹ́ pé orí WhatsApp ni ẹ̀kọ́ táàmù kẹta yóò ti wáyé, ẹ sì to iye owó sí i: ₦40,000 owó ẹ̀kọ́, tí ẹ ní ẹ ti bá wa dín kù, àti ₦25,000 owó àkànṣe, tí ẹ kò dín kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Mo san án. Aṣọ ni mò ń rán. Nígbà náà kò sí òde, kò sí aṣọ ẹbí, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ìlú ṣe rí.

Voice note ni ẹ fi ránṣẹ́. Sí ọmọ adití! Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá ti mọ́, tíṣà yóò kí gbogbo kíláàsì, yóò ṣàlàyé iṣẹ́, yóò sọ ojú ewé tí wọn yóò ṣí, ohùn ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ mi á gbé fóònù, á tẹ̀ ẹ́, á máa wo àmì róbótó kékeré yẹn bó ṣe ń rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tó bá dúró, á tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó gbé fóònù lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, bóyá kó lè mọ bó ṣe ń gbọ̀n, ló bá kọjú sí mi, ó fi ọwọ́ bi mí pé kí ló ń wí. Èmi tí èdè ọwọ́ tí mo gbọ́ kò kọjá “jẹun”, “wẹ̀”, “má ṣe bẹ́ẹ̀”, báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ọwọ́ ṣàlàyé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí sí ohùn náà lálaalẹ́ tí mo bá dìde nídìí máṣíìnì, mò ń kọ ọ́ sínú ìwé fún un lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí mo sanwó rẹ̀ fún yín ni mò ń ṣe fúnra mi yẹn.

Fídíò tí ẹ fi kún un nígbà tó yá kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tíṣà ìṣirò kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń kọ nǹkan sójú pátákó, ó ń bá pátákó sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó ń fi ọwọ́ sọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn ò sì kọ ọ̀rọ̀ kankan sí ìsàlẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù, inú oṣù kẹjọ ni mo tó gbọ́. Mo pàdé olùkọ́ èdè ọwọ́ náà ní Ìyánà-Ìpájà, inú sì ń bí mi, mo fẹ́ bi í pé kí ló dé tó pa àwọn ọmọ tì. Ó ní láti oṣù kẹrin lẹ ti ní kí òun máa lọ ilé, pé owó oṣù kẹta gan-an kò tíì pé lọ́wọ́ òun. Oṣù kẹrin! Oṣù karùn-ún sì ni ìwé owó yín. Ẹ ti lé olùkọ́ lọ kí ẹ tó wá gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Mo mọ̀ pé ojú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni rí màbo lásìkò yẹn, ọ̀pọ̀ tíṣà ni kò rówó oṣù gbà (òní tí mò ń kọ̀wé yìí náà sì ni Ọjọ́ Àwọn Olùkọ́ Lágbàáyé). Ṣùgbọ́n kéèyàn má rówó san fún òṣìṣẹ́ lọ́tọ̀, kéèyàn fi orúkọ òṣìṣẹ́ tó ti lọ gbowó lọ́tọ̀.

Nígbà tí àwa òbí ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti ìyá ọmọkùnrin Primary 2 tó ní Down syndrome, ipò àbímọ́ni tó ń mú kí ọmọ lọ́ra láti kẹ́kọ̀ọ́, jọ wá, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní òfin tí à ń tọ́ka sí fún àwọn ní ọdún márùn-ún láti tún nǹkan ṣe. Ẹ bá mi fi òfin náà hàn án. Òfin tó lòdì sí yíya àwọn àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní 2019, fúnni ní ọdún márùn-ún lórí ilé tí ará ìlú ń lò: àtẹ̀gùn, ẹnu ọ̀nà, ibi tí kẹ̀kẹ́ ẹni tí kò lè rìn yóò gbà. Abala àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ẹnikẹ́ni tàbí iléeṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ ya àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ lọ́nàkọnà, owó ìtanràn iléeṣẹ́ tó bá ṣe é sì jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà. Bí agbẹjọ́rò yín bá ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni abala ẹ̀kọ́ ń bá wí, kó padà lọ ka ti àkọ́kọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà kó wo òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti 2018: ẹni tó gbowó iṣẹ́ tí kò ṣe é bó ti yẹ, kó tún un ṣe, tàbí kó dá èyí tó tọ́ padà nínú owó náà.

Àbúrò mi kan wà ní Maryland ti Amẹ́ríkà, ọmọ tirẹ̀ náà kì í gbọ́ràn dáadáa. Láti 1975 ni òfin ti wà lọ́hùn-ún pé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba gbọ́dọ̀ kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bó ṣe yẹ ẹ́, pẹ̀lú ìwé ètò tí òbí bá wọn jókòó ṣe. Nígbà tí Kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ òbí ló ké síta níbẹ̀ náà. Àmọ́ wọ́n rí nǹkan dì mú: ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ń kọ́ àwọn ọmọ yòókù lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè ní àkàndá ò sí lára wọn. N kò ní kí ẹ di Amẹ́ríkà o. Ìwé tí ẹ̀yin fúnra yín kọ ni mo dì mú.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹ dá owó àkànṣe táàmù kẹta padà fún gbogbo òbí tó san án. N kò bèèrè ₦40,000. Àwọn tíṣà yòókù ṣe ìwọ̀n tí wọ́n lè ṣe. Ẹ pe olùkọ́ èdè ọwọ́ padà, kí ẹ san gbèsè rẹ̀, tàbí kí ẹ wá ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n ní tòótọ́, kì í ṣe ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnu géètì tí wọ́n ní ó “gbọ́ díẹ̀-díẹ̀” yẹn. Kó máa dúró ti àwọn ọmọ yìí fún wákàtí kan lẹ́yìn ìparí ilé-ẹ̀kọ́ títí táàmù yìí yóò fi parí, láìgbowó lọ́wọ́ wa, kó kọ́ wọn ní èyí tó fò wọ́n, ìṣirò ni kó ṣáájú. Ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ilé-ẹ̀kọ́ bá tún tì, ẹ kò ní fi ohùn nìkan ránṣẹ́ sí adití mọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìbòmú. Láti 21 oṣù kẹsàn-án tí ẹ ti ṣílẹ̀kùn ni gbogbo tíṣà ti bo ẹnu, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ètè ni ọmọ mi ń wò kó tó mọ ohun tí à ń sọ. Mo rán ìbòmú méjì fún tíṣà rẹ̀, mo fi rọ́bà tó mọ́ gaara síbi ẹnu, ètè ń hàn kedere. Wọ́n dá a padà, wọ́n ní kò bá yunifọ́ọ̀mù òṣìṣẹ́ mu. Tó bá jẹ́ ti àwọ̀ ni, ẹ fún mi ní ègé aṣọ yunifọ́ọ̀mù yín, màá rán òmíràn.

Mo fi rìsíìtì, ìwé àdéhùn 2018 àti ìwé owó oṣù karùn-ún mọ́ lẹ́tà yìí. Àwọn òbí yòókù ti fọwọ́ sí tiwọn. Ẹ fún wa lésì lórí ìwé, ó pẹ́ tán, ní 19 oṣù kẹwàá. Bí ọjọ́ yẹn bá kọjá, LASODA, ọ́fíìsì ìjọba Èkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá, àti FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni gbogbo wa yóò jọ gbé e lọ. Ọmọ mi ṣì ń wá sí kíláàsì lójoojúmọ́. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má torí lẹ́tà yìí yí ojú padà sí i.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá ọmọ Primary 4