Ìpàdé Oṣù Yìí: Ọ̀rọ̀ lórí Harold Washington

Ẹ̀yin ará wa ní Chicago, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé.

Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ la máa pàdé, aago 2 ọ̀sán, ní ilé ìkàwé ńlá South State Street tí wọ́n fi sọrí Harold Washington.

Ọdún 1965 ló wọlé aṣòfin ìpínlẹ̀ Illinois, ó sì wà lára àwọn tó jà kí ọjọ́ Martin Luther King di ọjọ́ ìsinmi níbẹ̀. Ní 1983, ó di méyọ̀ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní Chicago. Ibí yìí ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ sí: 29 nínú 50 aṣojú wọ́ọ̀dù ló kọ̀yìn sí i, wọn ò jẹ́ kí àwọn tó yàn ríṣẹ́ ṣe. Kò sá. Ìdìbò ọdún 1986 ló sọ ọ́ di 25 tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sí 25 tó kọ̀yìn sí i, tí ìbò bá sì ti dọ́gba, ìbò tirẹ̀ ló wá ń já a. Ẹnu iṣẹ́ ló kú sí ní 1987.

Ẹ mú àwọn ọmọ girama dání. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ gbé ìlú yìí nígbà náà, a nílò ẹnu yín gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ ránṣẹ́ kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ká lè mọ iye àga.

Akọ̀wé