Àbẹ̀kẹ́, Má Ṣe Dákẹ́ Lórí Kọ́kọ́rọ́ Yẹn

Ìbàdàn

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

O kú iṣẹ́ o, o sì kú òtútù. Ìyá rẹ ti sọ fún mi pé ọ̀kan nínú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ ti sọnù, pé láti ọjọ́ tí o ti lọ rajà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀ ni o kò ti rí i mọ́, àti pé o ti pinnu láti máa fi èyí tó kù wa ọkọ̀ títí ọdún tó ń bọ̀ tí ilé-iṣẹ́ líìsì, ìyẹn àwọn tó fi ọkọ̀ náà háyà fún ọ, á wá gba ọkọ̀ wọn. Ó ní o bẹ òun kí òun má sọ fún mi, kí n má baà ronú. Má bínú sí i. Ìdí wáyà ọkọ̀ ni mo ti rí owó tí mo fi tọ́ yín, irú ọ̀rọ̀ báyìí kò sì yẹ kó fò mí dá.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe kò pọ̀. Lọ sọ fún àwọn tó ni ọkọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí o sì san owó kọ́kọ́rọ́ tuntun nígbà tí èkejì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Màá ṣàlàyé ìdí rẹ̀, torí mi ò fẹ́ kí o ṣe é kìkì nítorí pé bàbá rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ yẹn kì í ṣe tìrẹ. O mọ̀, àmọ́ téèyàn bá ń wa ọkọ̀ lójoojúmọ́, tó ń fọ̀ ọ́, tó ń ra epo sí i, tó ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù, ọkàn a máa gbàgbé. Orúkọ ilé-iṣẹ́ líìsì ló wà nínú V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ tí DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ní Swansea, ń fúnni, ọwọ́ wọn náà ni ìwé ọ̀hún sì wà. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìtanràn eré àsápajúdé fi máa ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn kó tó kàn ọ́. Tí o bá wá lọ bá àwọn tó ń ta irú ọkọ̀ náà pé kí wọ́n ṣe kọ́kọ́rọ́ fún ọ, V5C àti ìwé ìdánimọ̀ rẹ ni wọ́n máa béèrè. Ìwé ìdánimọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ, V5C kò sí. Lẹ́tà àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ líìsì ló máa dípò rẹ̀, ìyẹn ni pé ọ̀dọ̀ wọn náà ni ọ̀nà gbà, bó pẹ́ bó yá.

Ẹnì kan lè sọ fún ọ pé o lè ra kọ́kọ́rọ́ olówó pọ́ọ́kú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí o mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń gé kọ́kọ́rọ́ ilé. Má gbọ́. Láti ọdún 1998 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí ọkọ̀ tuntun ní ohun tó máa dá ẹ́ńjìnnì dúró bí kọ́kọ́rọ́ náà kò bá jẹ́ tirẹ̀. Nínú orí kọ́kọ́rọ́ ni chip kan wà tó kéré bíi hóró ìrẹsì. Kò ní bátìrì tirẹ̀. Bátìrì roboto tí wọ́n kọ CR2032 sí lára yẹn, ti bọ́tìnnì tó ń ṣí ilẹ̀kùn ni. Wáyà kan tí wọ́n ká yí ojú ibi tí a ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ló ń fún chip náà níná díẹ̀, chip á sì fi nọ́ńbà tirẹ̀ dáhùn. Bí brain box, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ọkọ̀, bá ti ní nọ́ńbà yẹn nínú àkọsílẹ̀, ẹ́ńjìnnì á ṣiṣẹ́. Bí kò bá ní in, kò sí ohun tí o lè ṣe sí i.

Ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Gate, àwọn tó ra tòkunbọ̀ tó dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo máa ń wá bá wa lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ gé ẹ̀dà rẹ̀ lẹ́bàá títì. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún á ṣí ilẹ̀kùn, á yí dáadáa, ẹ́ńjìnnì á gbà fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, á sì kú. Iná kékeré tí wọ́n ya kọ́kọ́rọ́ sí á máa ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo máa ń fi ẹnu ọ̀bẹ la orí kọ́kọ́rọ́ tuntun náà níwájú ẹni tó ni ín, kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i pé rọ́bà lásán ni, inú rẹ̀ ṣófo. Irú rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń tà ní owó táṣẹ́rẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ brain box yìí náà ló jẹ́ kí n sọ pé kí o má dúró. Kọ́kọ́rọ́ tó sọnù ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ ọkọ̀ rẹ títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ẹni tó bá he é, tó sì mọ ibi tí ọkọ̀ wà, lè jókòó sínú rẹ̀ kó wà á lọ wẹ́rẹ́, láìfọ́ gíláàsì, láìjẹ́ kí álááàmù ké. Bí wọ́n bá ń ṣe tuntun fún ọ, sọ fún wọn lẹ́nu pé kí wọ́n pa èyí tó sọnù rẹ́ kúrò nínú ọkọ̀. Má rò pé wọ́n á ṣe é fúnra wọn. Mú èyí tó kù lọ́wọ́ lọ, torí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló jẹ́ pé gbogbo kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n máa ń pa rẹ́, kí wọ́n tó wá tún èyí tó bá wà níbẹ̀ kọ sílẹ̀. Kí o sì mọ̀ pé irin ti àtijọ́ yẹn á ṣì lè ṣí ilẹ̀kùn bí wọ́n bá tiẹ̀ ti pa chip rẹ̀ rẹ́, nítorí náà má máa fi báàgì tàbí ìwé àwọn aláìsàn tí o ń tọ́jú sínú ọkọ̀ lálẹ́.

Ní ti ìnṣọ́ránsì, jọ̀ọ́ fi ara balẹ̀ ka ibí yìí. Ká ní wọ́n jí ọkọ̀ náà, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, àwọn oníìnṣọ́ránsì máa ń ní kí ẹni tó ra ìnṣọ́ránsì kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ wá. O máa fi ẹyọ kan sílẹ̀. Wọ́n á béèrè èkejì, wọ́n á béèrè ìgbà tó sọnù, wọ́n á béèrè ohun tí o ṣe nígbà tí o mọ̀. Bí ìdáhùn rẹ bá jẹ́ pé o dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n lè sọ pé o kò tọ́jú ọkọ̀ bó ti yẹ, kí ẹjọ́ owó náà sì di fàákája. Àwọn onílíìsì ní tiwọn kò ní dúró de ìparí ẹjọ́ yín. Àìtètè mólè, olè ń mólóko, ìyẹn ni mo rí tí ẹ̀rù fi ń bà mí.

Bí wọn kò bá tiẹ̀ jí i, ọjọ́ ìdápadà ń bọ̀. Ẹni tó bá wá yẹ ọkọ̀ wò fún wọn á ka kọ́kọ́rọ́ bó ṣe ń wo táyà àti ìhà ọkọ̀. Ìwé ìlànà BVRLA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ háyà níbẹ̀, sọ pé kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ pé bí wọ́n ṣe kó o lé ọ lọ́wọ́. Tí kò bá pé, àwọn ni wọ́n máa dá iye tí o máa san, o ò sì ní lè ná an. Lónìí, o ṣì lè béèrè iye lọ́wọ́ ibi méjì mẹ́ta kí o tó mú ọ̀kan. Èyí tó tún burú jù ni pé bí ẹyọ kan tó kù yìí bá lọ pẹ̀lú, ọkọ̀ á dúró síbi tó wà. Wọ́n á ní láti wọ́ ọ tàbí kí oníṣẹ́ wá bá a níbẹ̀, iṣẹ́ ṣíṣe kọ́kọ́rọ́ láìsí ọ̀kankan nílẹ̀ sì máa ń gba owó ju kí ọ̀kan wà. Ìwọ tí o ń lọ láti ilé aláìsàn kan sí òmíràn, wákàtí tí o kò bá ṣiṣẹ́, owó tìrẹ ló lọ.

Kí o tó náwó rárá, wá a dáadáa. Ìyá rẹ ní bọ́ọ̀sì lo wọ̀ lọ sí Peckham lọ́jọ́ yẹn. Wọlé sí ìkànnì TfL, àwọn tó ń bójú tó bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù, kọ ọ́ sí ibi ohun tó sọnù, kí o ṣàlàyé àwọ̀ ohun tí o so mọ́ ọn. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n máa ń tọ́jú nǹkan mọ, nítorí náà má fi falẹ̀. Padà lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí o rajà lọ́wọ́ wọn, pàápàá ẹni tí o yọ owó níwájú rẹ̀. Bí o bá fura pé wọ́n yọ ọ́ lápò rẹ ni, pe ọlọ́pàá ní 101, kí o gba nọ́ńbà ẹ̀sùn náà.

Lẹ́yìn náà, ka ìwé ìnṣọ́ránsì rẹ bóyá owó kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ń san án. Béèrè iye tí ìwọ fúnra rẹ máa kọ́kọ́ san kí wọ́n tó san tiwọn, àti bóyá gbígba owó náà máa ba ẹ̀dínwó tí o ti kó jọ nítorí àìgba owó lọ́wọ́ wọn jẹ́. Bí èyí tí o máa pàdánù bá ju èyí tí wọ́n máa san lọ, fi tiwọn sílẹ̀, san án lápò ara rẹ.

Bí àwọn onílíìsì bá gbà kí oníṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ aládàáni ṣe é, ó lè dín owó kù, ṣùgbọ́n jẹ́ kí àṣẹ náà wà lákọsílẹ̀, kí o sì béèrè bóyá kọ́kọ́rọ́ ojúlówó láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ nìkan ni wọ́n máa gbà. Àwọn gbájú-ẹ̀ wà nídìí iṣẹ́ yìí: wọ́n á pe owó kékeré lórí fóònù, nígbà tí wọ́n bá dé, á di ìlọ́po mẹ́ta. Béèrè àpapọ̀ owó kí wọ́n tó gbéra, ti ìrìn, ti gígé irin, ti kíkọ chip sínú ọkọ̀, àti VAT. Gba risíìtì, kí o ya fọ́tò rẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ líìsì lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìyá rẹ ní kọ́kọ́rọ́ ilé wà lára èyí tó sọnù. Onílé rẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ lónìí. Bí o bá kọ àdírẹ́sì tàbí nọ́ńbà ọkọ̀ sí ara ohun tí o so mọ́ ọn, a jẹ́ pé kí wọ́n pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà kí ilẹ̀ tó ṣú. Lórí tuntun, nọ́ńbà fóònù nìkan ti tó.

Mo mọ̀ pé owó náà kò kéré. Ó lè lé ní 200 pọ́n-ùn, mo sì mọ iye wákàtí tí o máa fi dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ kí o tó rí i. Nítorí náà, èyí tí o máa ń fi ránṣẹ́ sí wa lóparí oṣù, dá a dúró lóṣù yìí, kí o fi kún owó kọ́kọ́rọ́. Oògùn mi ṣì wà nílé, ìyá rẹ sì ti ta àgbàdo rẹ̀. Pè mí bí o bá ti bá àwọn onílíìsì sọ̀rọ̀ tán.

Èmi ni bàbá rẹ.