Lẹ́tà Ẹ̀sùn Lórí Owó Ẹnubodè Tí Ẹ Gbà Lọ́wọ́ Wa fún Valga àti Valka

Sí Ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èdè Yorùbá lẹ fi polówó ìrìnàjò yìí fún wa, òun náà lẹ fi bá wa dúnàádúrà lórí fóònù títí a fi san owó, nítorí náà òun ni mo fi ń kọ ẹ̀sùn mi. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ lọ sí ìrìnàjò tí ẹ ṣètò lóṣù Kẹrin ọdún 2025 sí Valga ní Estonia àti Valka ní Latvia, ìlú kékeré kan tí ààlà orílẹ̀-èdè méjì gba àárín rẹ̀ kọjá.

Kí n má fọ̀rọ̀ gùn. Ẹ gba £45 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa fún ohun tí ẹ pè ní “owó ẹnubodè àti ìwé ìkọjá”. £90 nìyẹn fún àwa méjèèjì, ó sì wà lórí rìsíìtì yín ketekete. Kò sí ẹnubodè níbẹ̀. Kò sí aṣọ́bodè, kò sí ẹni tó ń béèrè ìwé, kò sí àpótí tí wọ́n ń sanwó sí. Láti ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 2007, tí Estonia àti Latvia wọ àdéhùn Schengen, èyí tó jẹ́ kí èèyàn máa ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí èkejì láìsí àyẹ̀wò bodè, ni wọ́n ti ká ọ̀pá bodè kúrò láàárín ìlú méjèèjì. Ta wá lẹ bá wa san owó náà fún?

Mo mọ̀ pé ẹ lè sọ pé kí ló dé tí a ò béèrè kí a tó san. Ta ni kò ní san? Ọmọ Yorùbá tó bá ti gba Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Kútọnu rí mọ̀ pé bí èèyàn bá dé ìdí okùn kan, owó ni. Bó bá dé ìdí èkejì, owó náà ni. Ẹ mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bodè ṣe rí lọ́kàn wa nìyẹn, òun lẹ sì fi rẹ́ wa jẹ. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ká ní òyìnbó ló ta á fún mi ni, ǹ bá ní kò mọ̀ mí rí.

Ẹ jẹ́ kí n ro bó ṣe lọ. Riga la ti wọ ọkọ̀ ojú irin, ìrìn yẹn ò sì ní àléébù kankan. Ìwé ètò tí ẹ fún wa sọ pé Valka la máa sọ̀ sí, pé awakọ̀ yín á ti dúró dè wá níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Riga bọ̀ kì í parí ìrìn rẹ̀ ní Valka. Valga ló ń bá a lọ, ní apá Estonia, orúkọ yẹn náà ló sì wà lára tíkẹ́ẹ̀tì. Bí awakọ̀ yín ṣe dúró sí orílẹ̀-èdè kan nìyẹn, tí àwa sọ̀ sí òmíràn. A pe nọ́ńbà tí ẹ kọ síbẹ̀, kò wọlé. Takisí la wọ̀ nígbẹ̀yìn, rìsíìtì €11 rẹ̀ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ilé ìtura tí ẹ fi wá sí mọ́ tónítóní, oúnjẹ àárọ̀ wọn dáa, n ò ní í fi ìyẹn dù yín. Bó bá jẹ́ ti takisí nìkan ni, ǹ bá ti fi ṣe osùn fi para.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kejì ni mi ò lè gbé mì. Ohun tí ẹ kọ sínú ìwé ètò nìyí, mo dà á kọ bó ṣe wà: “Aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹ dúró ní ẹnubodè. Òṣìṣẹ́ wa yóò wá mú yín kọjá. Ẹ má ṣe kọjá láìsí i.” A ṣe bí ẹ ṣe wí. A rìn dé ibi tí ààlà wà láàárín ìlú, níbi tí odò kan tí wọ́n ń pè ní Konnaoja gbà kọjá, odò tí kò fẹ̀ ju gọ́tà àdúgbò lọ. Òpó méjì dojú kọra níbẹ̀. Èyí tó jẹ́ ti Estonia ní àwọ̀ búlúù, dúdú àti funfun. Ti Latvia ní pupa àti funfun. Pátákó búlúù kan wà nítòsí tí ìràwọ̀ yí orúkọ orílẹ̀-èdè náà ká. Ohun tó wà níbẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Atẹ́gùn oṣù Kẹrin ibẹ̀ kì í ṣe eré. Ẹ̀gbọ́n mi, tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, jókòó sórí àga pákó kan ó fi ìborùn bo etí. A ń wo ọ̀nà, òṣìṣẹ́ yín ò dé. Àwọn ọmọ ilé ìwé gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Latvia, wọ́n tún yí padà sí Estonia, eré ni wọ́n ń fi í ṣe. Ìyá àgbà kan fa ajá rẹ̀ kọjá níwájú wa, ajá náà tọ̀ sí ìdí òpó Latvia, wọ́n sì padà sílé ní Estonia. Ó kí wa. A kí i padà. Ó ṣe bíi pé ó fẹ́ bi wá pé kí la ń dúró dè.

Mo pe ọ́fíìsì yín. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù fi ohùn tútù sọ fún mi pé, “Ẹ ṣe sùúrù mà, wọ́n ṣì ń yẹ ìwé yín wò ní bodè ni.”

Ìwé wo? Ìwé ìrìnnà àwa méjèèjì wà nínú báàgì tí mo gbé kọ́ apá. Mo tọwọ́ bọ inú rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, mo fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n pé méjì. Mo ní, “Àǹtí, ta ló ń yẹ ìwé tó wà nínú báàgì mi wò?” Ó ní kí n dúró díẹ̀ kí òun bi ọ̀gá òun. Orin ni mo ń gbọ́ títí owó orí fóònù mi fi tán.

Ẹ̀gbọ́n mi ló dìde. Ó ní, “Jẹ́ ká lọ jàre. Bí wọ́n bá fẹ́ mú wa, kí wọ́n wá mú wa.” A kọjá sí Latvia. Kò sí ẹni tó tiẹ̀ gbójú sókè wò wá. Òṣìṣẹ́ yín tí ẹ gba £35 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan nítorí rẹ̀, pé yóò fi ìlú méjèèjì hàn wá, kò yọjú lọ́jọ́ náà, kò sì yọjú títí a fi kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí a padà dé ilé ìtura ni mo wá fara balẹ̀ ka ìwé ètò yín látòkè délẹ̀, ohun tí mo rí ló sì jẹ́ kí ẹ̀sùn yìí kọjá ti £90. Ẹ ní kí a pààrọ̀ kroon sí lats kí a tó kọjá. Kroon ti kógbá wọlé ní Estonia láti ọdún 2011, lats náà ti tẹ̀ lé e ní Latvia lọ́dún 2014, owó euro ni wọ́n ń ná ní apá méjèèjì. Ẹ ní wọ́n á lu òǹtẹ̀ orílẹ̀-èdè méjì sínú ìwé wa “fún ìrántí”. Pápákọ̀ òfuurufú Riga ni wọ́n ti lu òǹtẹ̀ kan ṣoṣo tí a rí gbà. Ẹ tún ní kí a má ṣe gbé ọjà kọjá, pé kọ́sítọ́ọ̀mù á gbẹ́sẹ̀ lé e. Ẹ̀yin ará ibí, ẹ bá mi rẹ́rìn-ín! Lójú àwa méjèèjì báyìí, níwájú ilé ìtajà ọtí kan ní Valka, ọkọ̀ tí EST wà lára nọ́ńbà wọn tò lọ bẹẹrẹ, wọ́n ń kó páálí bíà sínú búùtù títí búùtù kò fi fẹ́ẹ́ pa dé mọ́. Owó orí ọtí ga ní Estonia ju ti Latvia lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá. Ọjà tí ẹ ní kí a má gbé kọjá ni gbogbo ìlú ń gbé kọjá.

Ohun tó burú jù nínú ìwé náà ni ìtàn tí ẹ kọ sí i, pé ogun àgbáyé kejì ló pín ìlú náà sí méjì “gẹ́gẹ́ bí ti Berlin”. Nítorí pé afinimọ̀nà ò yọjú, a fẹsẹ̀ ara wa lọ sí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Valga, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì fi sùúrù ṣàlàyé fún wa pẹ̀lú ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́. Ìlú kan ṣoṣo ni látilẹ̀, Walk ni àwọn ará Jámánì ń pè é. Stephen Báthory, ọba Poland, ló fún un ní ẹ̀tọ́ ìlú lọ́dún 1584. Nígbà tí Estonia àti Latvia gba òmìnira lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, àwọn méjèèjì ló ní tàwọn ni, wọn ò sì gbà fúnra wọn. Ọ̀gágun ará Bìrìtìkó kan, Stephen Tallents, ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà fún, òun ló fa ìlà sí i lọ́dún 1920 tí apá tó pọ̀ jù fi bọ́ sọ́wọ́ Estonia. Lábẹ́ ìjọba Soviet, ìlà yẹn kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, torí abẹ́ ìjọba kan náà làwọn méjèèjì wà. Lẹ́yìn ọdún 1991 ni bodè gidi wá padà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ kí ẹbí rẹ̀ lódìkejì títì ní láti mú ìwé ìrìnnà dání. Ìyẹn ló dópin lọ́dún 2007. Ará ìlú tí ọ́fíìsì yín wà ló pín ìlú yẹn, ẹ ò sì mọ̀, àfi kí á lọ gbọ́ ọ lẹ́nu àlejò.

Bí mo ṣe so gbogbo rẹ̀ pọ̀ nìyí: ìwé tí ẹnì kan kọ nígbà tí bodè ṣì wà níbẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì ń ná kroon àti lats, lẹ dà kọ, ẹ tú u sí Yorùbá, ẹ lẹ iye owó mọ́ ọn lára. Kò sí ẹnì kankan ní ọ́fíìsì yín tó ti dé Valga rí. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Kòrónà gbèjà ara yín, òótọ́ ni pé wọ́n dí ààlà yẹn lóṣù Kẹta ọdún 2020, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣí i padà lóṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà. Nígbà tí àwa lọ, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún márùn-ún.

Mi ò bá ìlú náà jà o. Ká ní ẹ sọ òtítọ́ rẹ̀ fún wa ni, a ṣì máa sanwó lọ síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì Jaani tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1816, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ rí roboto gígùn bí ẹyin, wù mí láti wọ inú rẹ̀. Afinimọ̀nà yín ló yẹ kó bá wa gba àyè, ìta la dúró sí tí a ń wo ilẹ̀kùn. Wọ́n tún so jangirọ́fà kan sórí ààlà gan-an, èèyàn á fì láti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí èkejì. Ẹ̀gbọ́n mi, pẹ̀lú orúnkún rẹ̀, gun un. Ọ̀fẹ́ ni. Kò sì sí nínú ìwé ètò yín rárá.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí. Ẹ dá £90 owó ẹnubodè padà pátápátá, torí kò sí ẹni tí ẹ san án fún. Ẹ dá £70 owó afinimọ̀nà padà, àti €11 owó takisí. Ẹ yọ “owó ẹnubodè” kúrò lórí ìpolówó ìrìnàjò náà, nítorí mo rí i pé ó ṣì wà níbẹ̀ lánàá, àwọn ẹlòmíràn sì ń béèrè ibi tí wọ́n á sanwó sí. Mo tún fẹ́ mọ ohun tí ọmọbìnrin orí fóònù rí tó fi ní wọ́n ń yẹ ìwé wa wò. N ò sọ pé kí ẹ lé e níṣẹ́ o. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tí ẹ kọ́ ọ ló ń sọ, ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ọ sì ni mo fẹ́ gbọ́ àlàyé lẹ́nu wọn.

Ẹ̀yin lẹ ta ọkọ̀, ilé ìtura àti afinimọ̀nà fún wa pa pọ̀. Lábẹ́ òfin Package Travel ti ọdún 2018 nílẹ̀ Bìrìtìkó, ọrùn yín ló wà láti rí i pé gbogbo ohun tó wà nínú àdéhùn náà ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ọrùn awakọ̀ tàbí afinimọ̀nà tí ẹ gbé iṣẹ́ fún. Káàdì kírẹ́díìtì ni mo fi san owó náà, ó sì ju £100 lọ dáadáa, èyí tó túmọ̀ sí pé abala 75 nínú òfin Consumer Credit ti ọdún 1974 fún mi láyè láti gba owó mi lọ́wọ́ báńkì tó ni káàdì. Mo fún yín ní ọjọ́ 14 láti ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Bí ọjọ́ náà bá pé tí n ò rí nǹkan kan, báńkì ni mo máa kọ̀wé sí.

Ẹ̀dà rìsíìtì yín, ìwé ètò pẹ̀lú ibi tí mo fàlà sí, rìsíìtì takisí, àti fọ́tò òpó méjèèjì níbi tí a ti dúró de òṣìṣẹ́ yín, gbogbo rẹ̀ wà nínú àpò ìwé yìí. Ẹ jọ̀wọ́, kíkọ ni kí ẹ kọ èsì yín ránṣẹ́. Ẹ má pè mí lórí fóònù.

Èmi ni oníbàárà yín,
tí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lókè rìsíìtì náà.