Kí ọmọ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ẹ jẹ́ kó mọ ìtàn ara rẹ̀

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òǹkàwé. Lẹ́tà bàbá kan tí ẹ tẹ̀ jáde ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Bàbá náà ní ọmọkùnrin àwọn fẹ́ gba fọ́ọ̀mù JAMB, kò sì mọ ohun tí yóò kọ síbẹ̀. Wọ́n ní kí àwa òǹkàwé gba àwọn nímọ̀ràn. Ìmọ̀ràn sì rọ̀ bí òjò: ẹnìkan ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń pa owó, ẹnìkan ní kó lọ ṣe nọ́ọ̀sì kó lè tètè rí ọ̀nà jáde nílùú, ẹlòmíràn ní kó kọ́ṣẹ́ ọwọ́ nítorí ìwé kò níye lórí mọ́. Mo ka gbogbo rẹ̀ tán. Kò sí ẹnìkan tó béèrè irú ọmọ tí ọmọ náà jẹ́, tàbí ohun tó ti ṣe rí tí inú rẹ̀ dùn sí. Ó dùn mí, nítorí bí wọ́n ṣe yan iṣẹ́ fún èmi náà nìyẹn, ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo sì lò nídìí rẹ̀.

Ọmọ Ṣàgámù ni mí. Obì ni bàbá mi tà títí wọ́n fi jáde láyé. Ẹni tó bá mọ Ṣàgámù á mọ Sábó, níbi tí àwọn Hausa ti máa ń wá kó gbàǹja lọ sí òkè Ọya láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi. Nígbà tí mo jáde ilé ìwé, wọ́n gbà mí sí báńkì kan ní Èkó. Ọdún 1998 nìyẹn. Gbogbo àdúgbò ló bá àwọn òbí mi yọ̀. Bí mo bá wálé lópin ọ̀sẹ̀, àwọn ìyá á dúró lójú ọ̀nà láti wo kóòtù àti bàtà mi. Ìdùnnú wọn ni mo gbé wọ̀ bí ẹni gbé aṣọ ẹlòmíràn wọ̀, mo rò pé tèmi ni. Ní 2015, wọ́n pe àwa kan jọ sínú yàrá, wọ́n fún kálukú ní lẹ́tà. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti gba káàdì tí mo fi ń wọlé lọ́wọ́ mi.

Mo padà sílé ní ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì. Wọ́n ní kí n sin adìyẹ, wọ́n ní kí n ta ańkárá, wọ́n ní kí n ta omi inú ọ̀rá. Mo ra fìríìsà méjì, mo bẹ̀rẹ̀ sí ta ẹja dídì. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣe é. Iná kò dúró, epo jẹnẹrétọ̀ jẹ èrè tán, ó tún kan ojú owó. Àdánù yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ú lọ ni pé bí mo bá jí láàárọ̀, ẹsẹ̀ mi kì í fẹ́ gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, èmi àti ìyá mi jókòó sẹ́yìn ilé, à ń rin ewùrà tí a fẹ́ fi se ìkọ́kọrẹ́. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Àdùkẹ́, ìgbà wo ni iṣẹ́ dùn mọ́ ọ rí?" Mo ní ìgbà tí mo wà ní báńkì ni. Wọ́n ní, "Owó oṣù ló dùn mọ́ ọ. Iṣẹ́ ni mo bi ọ́." Èsì kò sí lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ kejì, mo ra ìwé olójú ewé ọgọ́rin kan, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ gbogbo ìgbà tí mo rántí pé mò ń ṣiṣẹ́ tí ebi kò sì rántí mi. N kò kọ ẹ̀bùn tí mo gbà tàbí ipò tí mo dé. Ibi tí mo wà ni mo kọ, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àti ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Ìtàn mọ́kànlá ló jáde. Mẹ́sàn-án nínú wọn ṣẹlẹ̀ kí n tó pé ogún ọdún, ìdí obì sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò ṣòwò obì rí lè rò pé kéèyàn kàn ká a kó tà á ni. Bí a bá yọ obì kúrò nínú èèpo rẹ̀, awọ funfun kan ṣì wà lára rẹ̀. A ó rẹ ẹ́ títí awọ náà yóò fi rọ̀, a ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó jẹ́ kómi ro kúrò lára rẹ̀, a ó wá ṣà á. Níbi ṣíṣà ni iṣẹ́ wà. Ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀, pupa lọ́tọ̀. Èyí tí kòkòrò bá ti lu, ì báà jẹ́ ojú abẹ́rẹ́ ni ihò rẹ̀, kò gbọdọ̀ wọ agbọ̀n, nítorí kí agbọ̀n tó dé Kano, á ti ran àwọn yòókù. Láti ọmọ ọdún mẹ́jọ ni bàbá mi ti fi mí sídìí ṣíṣà. Èmi á máa kà á sókè, ìyá mi á máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá mi mọ̀wé, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wọn nínú ọjà kò mọ̀wé. N kò béèrè ìdí rẹ̀ rí, àfi ìgbà tí mo jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ìwé yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀ oòrùn. Bàbá wọn ní kí àwọn ọkùnrin lọ, kí obìnrin dúró ti ìyá rẹ̀. Ìyá wọn ló fà wọ́n lọ́wọ́ lọ forúkọ sílẹ̀ láàárọ̀, tó wá sọ fún ọkọ rẹ̀ lálẹ́. Oníṣòwò kan ti rẹ́ ìyá àgbà mi jẹ rí nítorí wọn kò lè ka ohun tó kọ sórí bébà. Wọ́n ti búra pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ sí ọmọ àwọn.

Ìtàn kan wà nínú ìwé náà tí mo rò pé mo mọ̀ tán. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Alhaji kan kó agbọ̀n obì mẹ́fà lọ́wọ́ bàbá mi lọ sí Kano. Nígbà tí Alhaji padà dé, kò pariwo, ó kàn ní méjì nínú rẹ̀ bàjẹ́. Bàbá mi san owó agbọ̀n méjèèjì padà láìjiyàn. Láti ìgbà yẹn ni mo ti gbà pé ẹ̀rù kí oníbàárà má lọ ló ba bàbá mi. Ìyá mi ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bàbá mi mọ̀ kí agbọ̀n tó kúrò nílẹ̀ pé wọn kò ṣa méjì yẹn dáadáa, ọkọ̀ ló ń kánjú, wọ́n sì sáré dì í. Kò sì sí owó nílé lọ́jọ́ tí Alhaji dé. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi ni wọ́n tà. Mo rántí pé a kò pàgbò ní Iléyá ọdún yẹn. Mo ti lé ní ẹni ogójì ọdún kí n tó mọ ìdí rẹ̀.

Olóòtú, ojú mi là níbẹ̀. Mo ti ń fi ẹnu sọ ọ́ káàkiri pé mo fẹ́ràn òtítọ́, ta ni kì í sọ bẹ́ẹ̀? Ohun tí ilé wa kà sí iyebíye gan-an ni èyí tí wọ́n ta ẹ̀rọ ìránṣọ nítorí rẹ̀. Mo wá padà sí ìtàn méjì péré tó ti báńkì wá nínú mọ́kànlá yẹn. Ọ̀kan jẹ́ ti ìyá aláta kan tí mo jókòó tì lẹ́yìn iṣẹ́, tí mo ka ìwé owó rẹ̀ sí i létí láti òkè dé ìsàlẹ̀ títí ó fi mọ ibi tí owó rẹ̀ wọlé sí. Èkejì jẹ́ ti ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ fún wa, tí mo kọ́ bí a ṣe ń ka káàdì àjọ, tó sì rí i pé alájọ ti jẹ owó oṣù méjì òun. Obì ṣíṣà, ìwé ìṣirò, ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ nítorí kò lè kà: okùn kan náà ni, ọwọ́ ìyá àgbà mi ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ta fìríìsà, mo padà sídìí obì ní Sábó. Ọdún méjì àkọ́kọ́ le, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ń gbé mi jáde nílé. Nírọ̀lẹ́ Sátidé, àwọn obìnrin ọjà máa ń wá síwájú ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú ìwé àti bírò, a máa ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ohun tí a rà, ohun tí a tà, àti ẹni tó jẹ wá ní gbèsè. Mẹ́rìnlá ni wọ́n báyìí.

Kì í ṣe pé kí ọmọ olóbì di olóbì dandan. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ràn obì rárá. Gbogbo ilé ti fi í sílẹ̀ fún iṣẹ́ lọ́yà nítorí pé ó lẹ́nu. Mo fún un ní ìwé, mo ní kó kọ ìtàn márùn-ún. Kò sí iyàn jíjà kankan nínú ohun tó kọ. Mẹ́ta nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìgbà tí ìyá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tó ń fi gègé aláwọ̀ pupa àti búlúù ya àkókò oògùn wọn sára ògiri. Ẹnu tó ní yẹn, àwọn dókítà ló ń lò ó sí, ó ń bi wọ́n léèrè nítorí ìyá àgbà rẹ̀. Ó ti wà ní ọdún kejì ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Bóyá yóò lọ sí òkè òkun lẹ́yìn èyí, n kò mọ̀, ṣùgbọ́n bó bá lọ, ó mọ ohun tó gbé e lọ.

Nítòsí wa níbí, ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹ ṣáà rántí Tai Solarin. Ọ̀gá ilé ìwé Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ipò tí ẹlòmíràn á dì mú ṣinṣin. Kò gbà pé ó yẹ kí ilé ìwé máa fi dandan mú ọmọ ṣe ẹ̀sìn, ó fi ipò náà sílẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀, Sheila, sì dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, níbi tí ọmọ ti ń kàwé tó tún ń roko. Mùsùlùmí ni mí, n kò sí lẹ́yìn rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí òun kò ní tà kó tó gbéra.

Àwọn bàbá wa kò fi irú ìbéèrè yìí ṣeré. Ilé ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n sì ń kì í ní oríkì tí yóò fi mọ ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Lónìí, ọmọ tó ń gba fọ́ọ̀mù JAMB kò mọ iṣẹ́ tí bàbá àgbà rẹ̀ ṣe, kò sì mọ ohun tí wọ́n pàdánù nítorí rẹ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ kìlọ̀: kí ọmọ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu ẹnìkan ṣoṣo. Bí èmi bá gbára lé ìrántí ara mi nìkan, ojo ni bàbá mi ì bá jẹ́ lójú mi títí dòní.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, Olóòtú, ni pé kí ẹ ya igun kékeré kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, kí àwọn àgbà Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú máa sọ bí wọ́n ṣe dé ìdí iṣẹ́ wọn àti ohun tó ná wọn. Àwọn àgbà náà kò ní wà títí. Ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé ọdún mẹ́ta ni àwọn fi dá àjọ ra ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn.

Ní ti bàbá tó kọ lẹ́tà, ẹ bá mi sọ fún wọn pé Sábó ni mo wà lójoojúmọ́, àfi ọ̀sán Jímọ̀. Kí wọ́n mú ọmọ náà wá kó tó san owó fọ́ọ̀mù. Mo ní ìwé olójú ewé ọgọ́rin kan nílẹ̀ tí n kò tíì kọ nǹkan sí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Olóbì,
Sábó, Ṣàgámù.