Láńre, ọ̀rọ̀ sìpíkà Bàbá rèé

Òkè-Àdó, Ìbàdàn

Láńre ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ooru Houston ń ṣe yín jẹ́ẹ́? Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu mi, àmọ́ ìgbàkígbà tí o bá pè, ẹ̀gbẹ́ Bàbá ni mo máa ń wà, mi ò sì lè sọ ọ́ lójú wọn.

Etí Bàbá ti ń lọ. Kì í ṣe pé wọn ò gbọ́ nǹkan kan o. Bí ọkọ̀ bá fọn fèrè níta, wọ́n á gbọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni kì í yé wọn mọ́. Lọ́jọ́sí mo ní, "Bàbá, Súlè ti kọ́lé sí Àkóbọ̀." Wọ́n dìde fùú: "Ta ló fọ́lé?" A rẹ́rìn-ín títí, àwọn náà bá wa rín in. Nígbà tí mo máa fi wẹ̀yìn, wọ́n ti yọ́ wọ yàrá lọ. Wọn kì í fẹ́ jókòó ti àlejò mọ́, Láńre. Bàbá tiwa yìí, tó jẹ́ pé bí ilẹ̀ ṣú, wọn ò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dìde!

Dókítà ṣàlàyé fún mi pé bí ọjọ́ orí ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, ìró tó tín-ín-rín ló ń kọ́kọ́ lọ. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ inú ọ̀rọ̀ ṣì ń wọlé, ṣùgbọ́n "k", "f" àti "s" ti ń dà pọ̀ mọ́ra wọn. Mo gba ìyẹn. Èyí tó dùn mí jù ni rẹ́kọ́ọ̀dù wọn. Wọ́n ní ìlù ò sọ̀rọ̀ mọ́, pé ariwo lásán ni. Ìlù kẹ̀? Ìyáàlù tó jẹ́ pé ohùn ló fi ń sọ ohun tó ń sọ, tí kò ní "k" tàbí "f" kankan nínú? Ó yẹ kí Bàbá gbọ́ ọ ju bí wọ́n ṣe ń gbọ́ tèmi lọ.

Mo bá jókòó sórí àga wọn, mo fetí sílẹ̀. O mọ wúfà méjèèjì, àwọn sìpíkà ńlá oní-ínǹṣì 12 tó ń gbé béèsì, tí Kọ́lá fi sílẹ̀ kó tó lọ Kánádà. Àwọn sìpíkà tó so mọ́ wọn kéré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gba ọwọ́ ọmọdé. Wọn ò lè sọ̀ kalẹ̀ dé ìró ìsàlẹ̀ rárá, ni Kọ́lá ṣe fi ààlà, ibi tí wúfà ti ń fi ìró lé sìpíkà lọ́wọ́, sí 180 Hz kí àlàfo má bàa wà láàárín (bí Hz bá ṣe kéré tó ni ìró ṣe ń lọ sísàlẹ̀ tó). Ohùn ọkùnrin sì ti ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 85. Wúfà wá di ẹni tó ń kọrin! Ìsàlẹ̀ ohùn olórin ń jáde láti kọ̀rọ̀ lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, òkè rẹ̀ ń jáde láti iwájú, ikùn ìlù sì ń ru gùdù láàárín méjèèjì. Tí ààlà bá wà ní 80, etí kì í mọ ibi tí béèsì ti ń wá, ó kàn máa wà nínú ilé ni. Àmọ́ sìpíkà tó lè bá wúfà pàdé níbẹ̀ ò sí nílé wa.

Kí n tó gbàgbé, Ṣadé ti bí ìbejì, ọkùnrin méjì. Ẹ̀gbọ́n Tópẹ́ ti fẹ̀yìn tì. Iná ò burú lóṣù yìí.

Pálọ̀ yẹn ti tóbi sí i látìgbà tí a ti wó ògiri ọ́fíìsì Bàbá mọ́ ọn. Mítà 9 ni gígùn rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ 6, tẹ̀ràsò ló sì wà nílẹ̀. Àga Bàbá jìnnà sí iwájú tó mítà 4, ẹ̀mí wọn ò sì gbà kí a sún un. Nítorí náà, mi ò wá sìpíkà tó ní béèsì jíjìn, àwọn wúfà á ṣe ìyẹn. Kó ṣáà dé 60 Hz láìjanpata, kó sì ké dé ibi àga láìmu iná púpọ̀, torí inverter là ń lò lálẹ́. KEF LS50 fa ojú mi mọ́ra, ohùn rẹ̀ mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n 85 dB ni (dB ló ń sọ bí sìpíkà ṣe ń ké tó lórí iná kan náà), ẹnu béèsì rẹ̀ ò sì ju ínǹṣì 5 àti díẹ̀. Yàrá kékeré ló yẹ ẹ́. Bí sìpíkà kan bá fi 6 dB ju èkejì lọ, iná ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa fi ké bákan náà. ELAC Debut B6.2 ò wọ́n, ínǹṣì 6 àti ààbọ̀ ni, 87 dB.

Klipsch RP-600M ni mo fẹ́. Ínǹṣì 6 àti ààbọ̀ lòun náà. Wọ́n kọ 96 dB sí i, tí mo bá tiẹ̀ yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó ṣì pọ̀. Inú ìwo ni tweeter rẹ̀, ẹnu kékeré tó ń gbé ìró tín-ín-rín jáde, wà, ìwo yẹn ló ń darí ìró tín-ín-rín síwájú kó má bàa fọ́n ká. Àwọn kan ní ó máa ń gún etí. Kó gún ti Bàbá díẹ̀ fún mi! Jímọ̀ káfíńtà á kan ìdúró fún un kí tweeter lè bá etí Bàbá dọ́gba, mo sì máa pín wúfà, ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn, kí béèsì má bàa kún ibì kan kó gbẹ níbòmíràn. Kápẹ́ẹ̀tì tí a máa tẹ́ lé tẹ̀ràsò ti wà nílé.

Bá mi gbé e bọ̀ ní Oṣù Kejìlá, Láńre. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju kílò 7 àti díẹ̀ lọ, méjèèjì á wọ báàgì oníkílò 23. Kò ní púlọ́ọ̀gì tirẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ iná 120 fóòltì tiyín àti 230 tiwa ò kàn án. Má fi wúfà kún un o, tiyín ò lè gba iná wa.

Ó ku ọ̀kan, òun gan-an ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Dókítà ní kí Bàbá lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ní so nǹkan mọ́ etí bí ẹni tí ayé ti tán fún. Sìpíkà ò lè bá wọn gbọ́ ohùn ọmọ Ṣadé. Èmi ti bẹ̀ wọ́n títí, ẹnu mi ò tó. Ìwọ ni wọ́n máa ń gbà sí lẹ́nu látìgbà ọ̀rọ̀ Peugeot yẹn. Má sọ ọ́ lórí fóònù, wọn ò ní gbọ́ ọ dáadáa, wọ́n á sì bínú. Nígbà tí o bá dé, tí ìlù bá ti ń lọ tí ara wọn yá, kí o sọ ọ́ fún wọn ní ìwọ̀nba, kí ó jẹ́ ẹ̀yin méjì péré.

Fi iye owó rẹ̀ ránṣẹ́ kí o tó rà á, màá san án fún Màmá yín ní Mọ̀lété.

Èmi ni,
Wálé