Ìdí Tí A Kò Fi Gba Owó Oṣù Mẹ́ta Lẹ́ẹ̀kan Náà Mọ́: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Oníbàárà Wa

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Kétu, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa láti Gàbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àwọn kan nínú yín ti ń pè mí pé kí ló dé tí a kò gba owó oṣù mẹ́ta pọ̀ mọ́, àbí iṣẹ́ ti ń dẹnu kọlẹ̀ ni? Rárá o. Láti oṣù yìí lọ, 500 sẹ́fà lóṣù kan ni ẹ ó máa san fún àlọ́ àti ìròyìn ìlú tí a ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Lọ́jọ́ tó bá sú yín, ẹ kọ "ó tó" sí wa, ó parí. A kò ní bi yín pé kí ló dé.

Ẹ̀yin àgbà rántí ìgbà tí mo ń yá yín ní fíìmù ní ìsọ̀ wa àtijọ́. Ẹni tó bá gbé díìsì lọ tí kò dá a padà lọ́jọ́ kejì, 100 sẹ́fà ni ìtanràn ọjọ́ kan. Ọgbọ́n ni mo pè é. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà gbé díìsì mẹ́ta lọ, ara ọmọ rẹ̀ kò yá, ó sì di ọjọ́ kọkànlá kó tó rántí mi. Mo ṣírò owó fún un, ó ju owó tí mo fi ra àwọn díìsì náà lọ. Ìyá kò jiyàn. Ó ka owó sílẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, ọmọ mi." Ọjọ́ yẹn ni mo rí i mọ. Gbogbo alẹ́ Sátidé ló ti máa ń wá tẹ́lẹ̀, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀.

Ohun tí mo ṣe sí ìyá yẹn, àwọn ńláńlá ti ṣe é sí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn. Blockbuster, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń yá ènìyàn ní fíìmù, ní ìsọ̀ tó tó ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án kárí ayé ní 2004, ìtanràn sì wà lára ohun tó ń bọ́ wọn. Netflix, tí Reed Hastings àti Marc Randolph dá sílẹ̀ ní 1997, ń fi díìsì ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ nígbà náà. Ní 1999 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba owó oṣooṣù: ẹ di díìsì mú bó ṣe wù yín, kò sí ìtanràn. Nígbà tí Blockbuster fi máa yọ ìtanràn tirẹ̀ ní 2005, ọkàn àwọn ènìyàn ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní 2010 ó gba ilé ẹjọ́ lọ, ó ní gbèsè ti bo òun mọ́lẹ̀. Ẹ ó ní íntánẹ́ẹ̀tì ló pa á. Ó lọ́wọ́ sí i lóòótọ́, Netflix ti ń fi fíìmù hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2007. Ṣùgbọ́n inú àwọn ènìyàn ti bàjẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé bá wọn.

Netflix pàápàá gbàgbé ohun tó gbé e ga. Ní 2011 ó fowó lé owó, ó tún fẹ́ yọ díìsì sọ́tọ̀ kó máa pè é ní Qwikster, kí oníbàárà kan náà máa sanwó sí ojúlé méjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láàárín oṣù mẹ́ta, ènìyàn 800,000 ni wọ́n pàdánù ní Amẹ́ríkà. Kò tó oṣù kan tí wọ́n fi pa Qwikster tì.

Bẹ́ẹ̀ ni owó nìkan kò tó o. Quibi, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe fíìmù kúkúrú, kó owó tó lé ní bílíọ̀nù kan àbọ̀ dọ́là jọ, ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2020, kí ọdún náà tó parí ó ti kógbá sílé. Kòrónà ti ká gbogbo ayé mọ́ ilé, tẹlifíṣọ̀n wà níwájú wọn, Quibi ní orí fóònù nìkan ni kí wọ́n ti wo òun. Kí n má purọ́, inú mi dùn díẹ̀ nígbà tí mo kà á.

Àwọn kan wà tí èrò ló ń dá èrò dúró sọ́dọ̀ wọn. Google ní ojúlé fídíò tirẹ̀, síbẹ̀ ní 2006 ó san bílíọ̀nù 1.65 dọ́là láti ra YouTube, torí ibẹ̀ ni ọjà ti kún. Ìyẹn ga ju apá wa lọ. Èyí tí apá wa ká ni ti Spotify, ilé iṣẹ́ orin orí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń to orin 30 fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ọjọ́ Ajé láti 2015, gẹ́gẹ́ bí etí oníkálùkù ṣe fẹ́. Ìyá ẹlẹ́kọ wa ń ṣe irú rẹ̀ láìní kọ̀ǹpútà: kí ẹ tó dé ibẹ̀, ó ti mọ̀ pé ẹ kì í fẹ́ ata. Èmi náà ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, ẹni tó fẹ́ àlọ́ Ìjàpá, ẹni tó fẹ́ oríkì, ẹni tó jẹ́ pé ìròyìn nìkan ló ń gbọ́.

Àwọn kan ń béèrè fídíò. Ẹ rántí 2018, nígbà tí ìjọba Benin wa ní ká máa san 5 sẹ́fà lórí mégà kọ̀ọ̀kan tí a bá lò lórí WhatsApp àti Facebook. Ìlú pariwo, wọ́n sì fagi lé e ní oṣù kẹsàn-án. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ka mégà yín bí ẹni ń ka owó tirẹ̀. Àlọ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá wa kì í ju mégà méjì lọ. Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá á jẹ ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà púpọ̀, ẹ ó sì bú mi.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má ṣe jẹ́ kí jíjáde rọrùn báyìí, kí n ti ilẹ̀kùn mọ́ yín bí Àkábà Ìdènà, ẹnubodè Kétu àtijọ́. Mo ní ogun ni wọ́n ṣe ilẹ̀kùn yẹn dè.

Ẹni tó ti san ti oṣù mẹ́ta, owó yín ń ṣiṣẹ́ lọ, tàbí kí a dá ìyókù padà nípasẹ̀ MoMo. Ẹni tó ti lọ tó sì fẹ́ padà, ibi tó gbọ́ dé la ó ti bẹ̀rẹ̀ fún un. Ẹ̀yin tí owó yín tán ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí Ìjàpá ṣì wà lórí igi tí ajá ń gbó nísàlẹ̀, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ kí n fi ìyókù rẹ̀ ṣọwọ́ sí yín. A kò gba kọ́bọ̀ lórí ìyẹn.

Èmi ni tiyín,
onísọ̀ yín ní Kétu